Ẹ BI WÁ: Ṣé ọgbọ́n ni kéèyàn gba Ọlọ́run gbọ́ nítorí èrè?

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí, gbogbo wọn láti Èkó, gbogbo wọn ló sì ń yí ká ọ̀rọ̀ kan náà. A gé wọn kúrú, a ò sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

Láti Ọ̀yìngbò: *Opó ni mí, mo ń ta aṣọ òkìrìkà. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti ṣaláìsí, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé mi ró. Wọ́n dá owó ilé-ìwé ọmọ mi, wọ́n sì ń pè mí lórí fóònù. Ká sòótọ́, mi ò mọ̀ bóyá mo gbàgbọ́ bí àwọn tó kù ṣe gbàgbọ́. Ọmọ mi tó wà ní Yunifásítì ní Akọka ní mo ń tan ara mi jẹ, pé ẹni tó bá gba nǹkan gbọ́ nítorí àǹfààní kò ronú. Ṣé òótọ́ ló sọ?*

Ìdajì òótọ́ ló sọ, màmá. Ibi tó ti tọ̀nà ni pé èrè kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ẹnì kan bá ṣèlérí mílíọ̀nù kan náírà fún yín pé kí ẹ gbà pé òjò ń rọ̀ ní Marina báyìí, owó náà lè mú yín sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ní mú kí ilẹ̀ Marina tutù. Pé ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé yín ró kò fi hàn pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń wàásù, kò sì fi hàn pé irọ́ ni. Ibi tí ọmọ yín ti ṣìnà ni pé ó da ohun téèyàn gbà gbọ́ pọ̀ mọ́ ohun téèyàn ń ṣe. Lílọ sí ìpàdé, orin kíkọ, owó ẹgbẹ́ dídá, kíkúnlẹ̀ gbàdúrà, ìṣe ni gbogbo wọn, a sì máa ń fi èrè àti àdánù wọn ìṣe. Ẹ lè máa ṣe gbogbo rẹ̀ tọkàntọkàn, kí ẹ sì máa sọ fún ara yín lóru pé kò tíì dá yín lójú. Kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá bọ́ síwájú ìjọ tí ẹ ń jẹ́rìí pé ó dá yín lójú, tí ẹ sì mọ̀ nínú ọkàn yín pé kò rí bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn lẹ̀tàn bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ti pẹ́ láyé. Ní 1877, W. K. Clifford, onímọ̀ ìṣirò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ ojú omi kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, tó yẹ kó tún un ṣe. Owó àtúnṣe ń dùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ̀ yìí ti lọ ti bọ̀ láìséwu tipẹ́, pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àwọn ìdílé tó wà nínú rẹ̀ ṣègbé, títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀ lóòótọ́. Ọkọ̀ rì sáàárín òkun. Ìdájọ́ Clifford ni pé ó jẹ̀bi ikú wọn, àti pé ì bá jẹ̀bi bákan náà ká ní ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ láyọ̀, torí pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà bẹ́ẹ̀ lórí irú ẹ̀rí tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí nǹkan méjì: ẹ̀mí ẹlòmíì ló wà nínú ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ náà sì ṣeé yẹ̀ wò. Ká ní ó pe káfíńtà ni, ì bá mọ̀.

William James, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, fún Clifford lésì ní 1896. Ó gbà pé níbi tí ẹ̀rí bá wà, ẹ̀rí ni kí á tẹ̀ lé. Àmọ́ ó ní ọ̀ràn mìíràn wà tí ẹ̀rí kò lè parí. Bí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ohun tó ṣeé gbà fún ẹni náà gan-an, tí kò ṣeé yẹra fún nítorí pé ẹni tó kọ̀ láti yàn ti yàn náà nìyẹn, tó sì wúwo débi pé àǹfààní rẹ̀ lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́, ó ní èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́ kí ọkàn òun yàn. Ó tún fi kún un pé òótọ́ mìíràn wà tí kì í dé àyàfi bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá ti ṣáájú. Oníṣòwò Balógun tó kọ́kọ́ gbé ọjà àwìn fún oníbàárà tuntun mọ irú èyí: ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ wà lára ohun tó ń sọ oníbàárà náà di olóòótọ́. Ní tiwa o, àlàyé yìí bá ẹgbẹ́ obìnrin yín mu ju bó ṣe bá wíwà Ọlọ́run mu lọ. Bí ẹ bá fọkàn tán ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ á dára sí i. Àmọ́ bí Ọlọ́run bá wà, ó wà kí ẹ tó fọkàn tán an. Bí kò bá sì sí, ìfọkàntán wa kò lè dá a.

Ohun tó kù fún yín ni kí ẹ mọ ibi tí èrè náà ti ń wá gan-an. Ní 2016, àwọn olùwádìí kan ní Harvard gbé èsì jáde lórí àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin 74,534 ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún 16. Láàárín àkókò náà, ewu ikú àwọn tó ń lọ sí ìsìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kì í lọ rárá. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kì í lè jáde lọ sí ìsìn, ìyẹn nìkan lè mú kí ìsìn dà bí oògùn. Àwọn olùwádìí náà sapá láti yọ èyí kúrò, ṣùgbọ́n irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í lè yọ ọ́ tán. Èyí tó kàn yín jù ni ìwádìí tí Chaeyoon Lim àti Robert Putnam gbé jáde ní 2010. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń lọ déédéé tí wọ́n sì ní ọ̀rẹ́ nínú ìjọ ni ayé wọn tẹ́ wọn lọ́rùn ju ti ẹlòmíì lọ. Ẹni tó ń lọ déédéé tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí èrè yẹn. Nítorí náà, fóònù tí wọ́n ń pè yín yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré rárá.

Ẹ mú ìwé kan, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ fi oṣù mẹ́ta kọ ọ́. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tó ń wọlé: owó tí wọ́n dá, oúnjẹ, àbẹ̀wò, ìpè, oorun tí ẹ rí sùn lẹ́yìn ìpàdé. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tó ń jáde: ìdá mẹ́wàá, owó ẹgbẹ́, owó ọkọ̀, wákàtí tí ìsọ̀ wà ní títì. Aṣọ ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé láti kọ, bẹ́ẹ̀ aṣọ àti owó ìránṣọ rẹ̀ lè gbé èrè ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìnáwó kan tún wà tí kì í hàn nínú ìwé: bí ìrànlọ́wọ́ náà bá máa dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí ẹ bá bèèrè ìbéèrè tàbí lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ̀ láti gba ìkìlọ̀ wòlíì kan, ẹ ti ń fi làákàyè san owó. Ẹ wá ìyá ẹgbẹ́ kan tó lóye, kí ẹ sọ fún un pé iyèméjì ń bá yín jà. Bó bá rẹ́rìn-ín tó ní "kì í ṣe ìwọ nìkan," ẹ jókòó síbẹ̀.

Láti Ìdúmọ̀tà: *Ọ̀rẹ́ mi kan ní tẹ́tẹ́ ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Bó bá wà, mo jẹ. Bí kò bá sí, kí ni mo pàdánù? Ó dùn létí. Àmọ́ Mùsùlùmí ni bàbá mi, Kristẹni ni màmá mi, bàbá bàbá mi sì jẹ́ onífá. Èwo ni kí n ta tẹ́tẹ́ lé?*

Ìbéèrè tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ti wó tẹ́tẹ́ ọ̀rẹ́ yín lulẹ̀. Blaise Pascal, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Faransé tó kú ní 1662, ni wọ́n máa ń sọ pé ó dá a sílẹ̀. 1670 ni wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Àmọ́ Al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó kú ní 1111, ti sọ irú rẹ̀ ṣáájú. Ìṣirò Pascal lọ báyìí: àpótí mẹ́rin ló wà. Ẹ gbàgbọ́, Ọlọ́run sì wà: èrè tí kò lópin. Ẹ gbàgbọ́, kò sì sí: ìnira díẹ̀. Ẹ kò gbàgbọ́, ó sì wà: àdánù ńlá. Ẹ kò gbàgbọ́, kò sì sí: ìgbádùn díẹ̀. Bó ti wù kí ó ṣòro tó pé kí Ọlọ́run wà, níwọ̀n ìgbà tí kì í bá ti í ṣe òdo, ẹ fi èrè tí kò lópin sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tí kò lópin náà lẹ máa rí. Ó parí.

Kò parí o. Àpótí mẹ́rin yẹn gbà pé ẹ̀sìn kan ṣoṣo ló wà lórí àtẹ. Ní ilé yín, ó kéré tán, mẹ́ta ni, méjì nínú wọn sì ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá yan òmíràn. Diderot, Faransé bíi ti Pascal, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé imáàmù lè ro èrò yìí kan náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Bí ìyà àti èrè tí kò lópin bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìṣirò náà ò lè yàn fún yín mọ́. Àwọn àgbà ilé yín á sì ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tẹ́tẹ́ Pascal ò lè gba òwe yẹn, torí bí ọ̀nà bá pọ̀, kò sí ìdí tó fi yẹ kí ẹ̀rù mú yín sáré gba ọ̀kan.

Àléébù kejì jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alan Hájek, onímọ̀ ọgbọ́n orí, tọ́ka sí i ní 2003 pé ohun tí kò lópin kì í dín kù. Ká ní ẹ ní ẹ ó ju ọmọ ayò ludo, bó bá mú mẹ́fà nìkan ni ẹ ó gbàgbọ́: ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tí kò lópin, ohun tí kò lópin náà ni. Ẹni tó kàn lè ṣèèṣì di onígbàgbọ́ lọ́jọ́ kan ní iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ti ń gbààwẹ̀ láti ogún ọdún. Ọ̀nà yìí kan náà ni oníwàásù inú danfo ń gbà bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ní ẹ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà gbin irúgbìn, èrè rẹ̀ ò ní lópin. Bí ìṣirò kan bá dá tẹ́tẹ́ Pascal àti irúgbìn oníwàásù yẹn láre, ẹ má fi owó yín sí i.

"Kí ni mo pàdánù" náà kì í ṣe òótọ́, ẹ wo ohun tí a sọ fún màmá Ọ̀yìngbò lókè. Ohun kan ṣẹ́ kù nínú ọ̀rọ̀ Pascal tí a fẹ́ràn. Ó mọ̀ pé èèyàn kì í fi ipá gbàgbọ́. (Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò: ẹ gbà fún ìṣẹ́jú kan pé Third Mainland Bridge kò sí.) Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbàgbọ́ máa ṣe bí àwọn tó gbàgbọ́ ṣe ń ṣe, kó lo omi mímọ́, kó ní kí wọ́n ṣe ìsìn fún òun, ìgbàgbọ́ á tẹ̀ lé e. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ewu rẹ̀ sì nìyẹn, torí á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀sìn yòówù tí ẹ bá fi dán an wò. Bí ẹ bá fẹ́ yàn nínú ilé yín, ẹ yan èyí tí ẹ lè máa ṣe láì ní láti pa ìbéèrè yín, kí ẹ sì pè é ní yíyàn. Ẹ má pè é ní ẹ̀rí.

Láti Ìsàlẹ̀ Èkó: *Ṣé kì í ṣe ìwọ̀sí sí Ọlọ́run kéèyàn máa sìn ín nítorí ohun tó ń rí gbà?*

Àwọn ìwé mímọ́ fúnra wọn ń ṣàníyàn nípa rẹ̀. Nínú ìwé Jóòbù, orí kìíní, ẹsẹ 9, Sátánì ló béèrè bóyá lásán ni Jóòbù ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Gbogbo ìyà tó tẹ̀ lé e, ìdánwò lórí ìbéèrè yẹn ni. Àlùkùránì, Súrà 22, ẹsẹ 11, bá ẹni tó ń sin Ọlọ́run ní bèbè wí: bí ire bá dé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, bí àdánwò bá dé, á yí padà. Àwọn baba wa ní tiwọn kò fi bò rárá: Òrìṣà, bí o ò lè gbè mí, fi mí sílẹ̀ bí o ṣe bá mi.

Ní ti ọgbọ́n nìkan, ọ̀rọ̀ àwọn baba wa yẹn ló fi ààyè sílẹ̀ fún ìdánwò, torí ó sọ ohun tó lè mú kí ìsìn dópin. Ifá tilẹ̀ lọ síwájú díẹ̀: ẹni tó wá dífá á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó tó mú dání, kì í sọ ìṣòro rẹ̀ fún babaláwo kó tó dá a. Ìṣọ́ra tó dára nìyẹn lòdì sí babaláwo tó fẹ́ sọ ohun tí oníbàárà fẹ́ gbọ́. Ibi tí ó ti ń jò ni pé ẹsẹ tó wà lábẹ́ odù kan pọ̀, oníbàárà ló sì ń sọ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu, ọkàn ẹni tó ń wá ìtùnú sì máa ń rí ohun tó bá a mu.

Láti Yábà: *Ṣé wọ́n ti fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dán àdúrà wò rí?*

Bẹ́ẹ̀ ni. Herbert Benson, dókítà ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èyí tí wọ́n ń dárúkọ jù jáde ní 2006: aláìsàn 1,802 tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní ilé ìwòsàn mẹ́fà ní Amẹ́ríkà. Láàárín àwọn tí wọn kò mọ̀ bóyá wọ́n ń gbàdúrà fún wọn, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gbàdúrà fún ló ní ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìdá 51 nínú àwọn tí wọn kò gbàdúrà fún. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé àdúrà ń lọ lórí wọn ni tiwọn ga jù, ìdá 59. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù bà wọ́n: ṣé àìsàn mi le tó bẹ́ẹ̀? Àdúrà àwọn tí kò mọ aláìsàn náà rí ni wọ́n dán wò. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí àdúrà ń ṣe fún ẹni tó ń gbà á.

Láti Múṣin: *Ìyá mi, ẹni ọdún 61, ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn ìṣọ́ òru kan, wọ́n ní ó ti gba ìwòsàn, ó bá fi oògùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a wọ̀n ọ́n ní kẹ́míìsì, 128/80. Ó ní ẹ̀rí dé. Mi ò fẹ́ ba ìgbàgbọ́ wọn jẹ́. Kí ni kí n ṣe?*

Ẹ má bá màmá jiyàn lórí Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni kí ẹ bá wọn sọ. Amlodipine máa ń pẹ́ lára: wákàtí 30 sí 50 ló ń gbà kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ lọ sí kẹ́míìsì, ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ó tilẹ̀ lè tó ìdajì, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Oògùn ló ni 128 yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á máa ru padà ní àwọn ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láìsí orí fífọ́, láìsí àmì, títí ó fi lè bọ́ sí rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn kíndìnrín. Màmá kò purọ́. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni kò tọ́.

Nítorí náà, kí wọ́n padà sórí oògùn lónìí, ìwọ̀n tí dókítà kọ, kí wọ́n má ṣe lo méjì lẹ́ẹ̀kan láti fi dí èyí tó fò. Bí wọ́n bá ń lo òmíràn pẹ̀lú rẹ̀, ẹ wo orúkọ rẹ̀ dáadáa: clonidine, bí àpẹẹrẹ, bí èèyàn bá dá a dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè ru fùú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá ní oògùn lílò jẹ́ àìgbàgbọ́, ẹ ka Aísáyà 38 pẹ̀lú wọn. Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ní ẹsẹ 21 Aísáyà ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo rẹ̀. Àwọn ará ilé tó jẹ́ Mùsùlùmí á rántí hádíìsì tó ní kí èèyàn so ràkúnmí rẹ̀, kó tó gbára lé Ọlọ́run. Àwọn kan á sì mú àwọn àgbà Aládùúrà wá, àwọn bíi Joseph Shadare tó kó ẹgbẹ́ àdúrà jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà àjàkálẹ̀ àrùn influenza ní 1918, tí ẹgbẹ́ náà sì kọ oògùn lẹ́yìn náà. Ẹ rántí ìgbà wọn. Ní 1918, kò sí oògùn kankan nílé ìwòsàn ibikíbi tó ń pa àrùn yẹn. Ẹni tó fi àdúrà rọ́pò oògùn nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Ẹni tó bá fi rọ́pò amlodipine lónìí ń pàdánù ohun tí a mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ Clifford nìyí, káfíńtà sì wà nítòsí.

Bí màmá bá gbà pé ìwòsàn ti dé, ọ̀nà wà láti mọ̀ láìséwu: kí dókítà máa dín oògùn kù bí àkọsílẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe àkọsílẹ̀ yẹn nílé, ọjọ́ méje, bí wọ́n ṣe ń lo oògùn lọ. Láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n sì tó lo oògùn. Lálẹ́ kí wọ́n tó sùn. Kí wọ́n ti tọ̀, kí wọ́n má ti jẹ obì tàbí mu kọfí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Kí wọ́n jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn lórí àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ láì lọ́ wọn mọ́ra, apá lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà, kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀. Ẹ má wé ìgbànú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ lé apá aṣọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, àní èyí tí kò wù yín. Ẹ yọ ọjọ́ kìíní kúrò, ẹ wá ìpíndọ́gba èyí tó kù: nílé, 135/85 sókè ti ga jù. Bó bá kọjá 180/120, tí àyà ń dùn wọ́n, tí mímí ṣòro, tí apá kan kú tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ìjókòó yẹn, kò sóhun tó burú, kó ṣáà jẹ́ nínú ọkàn, torí ọ̀rọ̀ sísọ lè gbé nọ́ńbà náà sókè. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ mú ìwé náà dání àti páálí oògùn, torí mílígíráàmù 5 àti 10 kì í ṣe ọ̀kan náà, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló rántí èyí tí wọ́n kọ fún un.